Orúkọ, Ìwé Ìdánimọ̀ àti Bàálù Abẹ́lé

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni èyí: ẹni tí ó wọ bàálù láti Èkó lọ sí Àbújá kò kọjá ẹnubodè kankan, kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi ń bi í ní ìwé ìdánimọ̀?

Mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí: pásípọ́ọ̀tù, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, káàdì ìdìbò, àti ìwé ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ 11.

Ìdí pàtàkì wà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2012, bàálù kan tí ó ń ti Àbújá bọ̀ já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá ní Èkó. Gbogbo ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú, ẹni 6 tí ó wà nílẹ̀ sì bá a lọ. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé tí a kọ orúkọ èrò sí ni ẹbí máa ń sáré lọ wò. Bí ẹnì kan bá fi tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn wọkọ̀, àwọn tí kò ṣòfò yóò máa sunkún, àwọn tí ó ṣòfò yóò sì máa retí ẹni tí kò ní í dé mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ kò rọrùn láàrin àwa Yorùbá. Ọmọ kan lè ní orúkọ àmútọ̀runwá, kí ó ní àbísọ, kí ó tún ní oríkì. Bàbá àgbà àti ìyá àgbà a sì máa fi tiwọn kún un. Obìnrin lọ́kọ, ó yí orúkọ padà nínú ìwé kan, ó gbàgbé èkejì. Ẹlòmíràn kọ Ṣadé ní ‘Sade’ níhìn-ín, ó kọ ọ́ ní ‘Shade’ lọ́hùn-ún. Lẹ́nu wa, ẹnì kan ni. Lójú òṣìṣẹ́ pápákọ̀, ẹni méjì ni.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nílé ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi; òmíràn ni ó wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi. Ọmọbìnrin tí ó ń yẹ ìwé wò ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹni méjì ni yín lórí ìwé.” Bàálù gbéra, mo dúró. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun ni ó jàre.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò ṣe wọ inú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti bá a lọ jálẹ̀ ayé. Ẹ bi àwọn òbí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀nà ìkọ̀wé kan, kí ẹ má ṣe yà kúrò lórí rẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a máa wo ìwé pẹ̀lú kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.