ÀṢẸ KÉKERÉ INÚ ARA ÀTI JẸJẸRẸ ORÍ ÒUN ỌRÙN
(Ọ̀rọ̀ tí alábòójútó ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ)

 

Ìwé owó ni iṣẹ́ wa, àwa kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n nígbà kan tí a lọ yẹ ìwé wò ní ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa, a bá ìwé ìtọrọ ẹ̀yáwó kan tí ó ti sùn nínú fáìlì fún oṣù mẹ́rin. Ohùn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó kọ ọ́ ti há, kókó sì ti yọ sí i lọ́rùn. Ó fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìgbìmọ̀ ní kí ó dúró de ìpàdé gbogbogbòò. Kí ìpàdé náà tó pé, jẹjẹrẹ gògóńgò ti gbilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó gba owó náà níkẹyìn, ìsìnkú ni ó sì ná an sí.

Ọmọ olóògbé náà bi wá pé, “Ọ̀gá, mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti rí RNA kan tí ó jẹ mọ́ jẹjẹrẹ. Ṣé wọn kò lè fi í mọ ti bàbá mi kí ó tó pẹ́ jù ni?” A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. A lọ kàwé, a sì bi àwọn tí ó mọ̀ jù wá lọ.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ìwé òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní DNA. Ẹ fi í wé ìwé òfin ẹgbẹ́ tí a tì mọ́ inú àpótí. Ìwé náà kì í jáde. Ẹ̀dà rẹ̀ ni akọ̀wé ń kọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀dà yìí ni RNA, òun ni ara sì fi ń ṣe purotéènì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kéde ní 2003 pé àwọn ti ka ìwé òfin ọmọ ènìyàn tán, apá tí ó wà fún purotéènì kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn kan ti ń pe ìyókù ní pàǹtí. Olùyẹ̀wé owó kò jẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kò kà ni àṣìṣe máa ń sá sí.

Nínú ìyókù yìí ni ọ̀pọ̀ RNA tí kì í di purotéènì ti ń wá. Victor Ambros àti Gary Ruvkun ní Amẹ́ríkà ni ó ṣàwárí irú kan, microRNA, lára aràn tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà kan. Ní 1993 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2024. Kò gùn ju nǹkan bí lẹ́tà 22 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lẹ̀ mọ́ ẹ̀dà àṣẹ, kí àṣẹ náà má baà di ṣíṣe, bí ẹni tẹ òǹtẹ̀ “Ẹ dúró ná” mọ́ ìwé ìsanwó.

Nínú jẹjẹrẹ ẹnu, ahọ́n, ọ̀fun àti gògóńgò, òǹtẹ̀ yìí ti dàrú. Èyí tí wọ́n ń pè ní miR-21 sábà máa ń pọ̀ jù, àṣẹ tí ó yẹ kí ó dá sẹ́ẹ̀lì dúró gan-an ni ó sì ń dí lọ́wọ́. Let-7, tí ó yẹ kí ó máa fa ìdàgbà sẹ́yìn, sábà máa ń dínkù. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o: tábà, ìbáà ṣe èyí tí a ń fà tàbí èyí tí a ń jẹ lẹ́nu, ọtí líle, àti kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní HPV, ni ó wà lára ohun tí ó ń fa àìsàn náà.

Jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ó wọ́pọ̀ ní gúúsù Ṣáínà. Kòkòrò Epstein-Barr, tí a kọ́kọ́ rí ní 1964 nínú kókó ara ọmọdé kan láti Ùgáńdà, ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbàlagbà ayé ni ó ní kòkòrò yìí lára láìsí wàhálà. Òun náà ń kọ àwọn àṣẹ kéékèèké tirẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì wa, bí àjèjì tí ó jí òǹtẹ̀ ẹgbẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, EBER, pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà ilé àyẹ̀wò fi ń pa ẹran tí wọ́n gé láti ibi àìsàn láró, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kòkòrò náà wà níbẹ̀.

Èyí ni èsì wa fún ọmọ náà. Wọ́n ń wá microRNA nínú itọ́ àti nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n èsì ibì kan kì í sábà bá ti ibòmíràn mu, kò sì tíì di àyẹ̀wò tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé láti fi mọ jẹjẹrẹ ọ̀fun. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú rẹ̀ wá tà, ẹ má fi owó ẹgbẹ́ rà á. Dókítà tí ó wo ọ̀fun, tí ó gé ẹran díẹ̀ yẹ̀ wò, ni ó lè dá a mọ̀. Kò bá ti dá ti bàbá rẹ̀ mọ̀, bí owó ọkọ̀ bá ti wà. Egbò ẹnu tí kò jinná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn tí ó há tó bẹ́ẹ̀, kókó ọrùn tí kò lọ, oúnjẹ tí kò ṣeé gbé mì: ẹ má ṣe dúró de ìpàdé kankan.

A ti kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò ẹgbẹ́ náà pé kí alága àti akápò lè fọwọ́ sí ẹ̀yáwó àìsàn láàrin ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n sì jábọ̀ fún ìpàdé lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní irú òfin yìí, kí akọ̀wé rẹ̀ rí wa kí a tó kúrò níhìn-ín lónìí. Fọ́ọ̀mù àtúnṣe òfin wà lọ́wọ́ wa.