Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Ọmọ Kọ́kọ́ Mọ̀ Ọ́n



Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ò tíì lè di pẹ́ńsù mú dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án torí pé kò dá "triangle" mọ̀ lójú bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ lọmọdé fi ń mọ nǹkan. Lọ́dún 1907, Maria Montessori ṣí ilé ọmọdé kan ní San Lorenzo, àdúgbò mẹ̀kúnnù nílùú Róòmù. Pákó tí wọ́n gé ní oríṣiríṣi ìrísí wà lára ohun tó fi kọ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ihò tó bá a mu gẹ́lẹ́. Bọ́mọ bá ṣì í, pákó ò ní wọlé. Òun fúnra rẹ̀ á tún un ṣe láìsí pé ẹnì kan jágbe mọ́ ọn.

Tiwa ò gbówó. Àwọn atẹ̀wé kún Ṣómólú. Ẹ tọrọ páálí tí wọ́n gé kù. Ẹ gé róbótó, onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́rin, méjì méjì, kó tóbi ju ẹnu ọmọ lọ. Ẹ dà wọ́n pọ̀, kó wá èyí tó jọra. Ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ wọn ní Yorùbá, kẹ́ ẹ tó pè é lóyìnbó. Lẹ́yìn náà, kó wá róbótó nínú ilé: ọmọrí ìkòkò, ẹnu korobá.

Ìṣẹ́jú 10 lálẹ́ ti tó.