Ọ̀bẹ tí Kòkòrò Ibà fi ń Jẹ Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ ibà ni mo mú wá, nítorí kò sí agboolé kan láàrin wa tí kò mọ̀ ọ́n.

Kòkòrò tí ó ń fa èyí tí ó le jù nínú ibà ẹ̀fọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Plasmodium falciparum, kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbé inú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kan ṣoṣo. Oúnjẹ tí ó bá níbẹ̀ ni hemoglobin, èyí tí ó mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Gẹ́gẹ́ bí inú wa ti ní oje tí ń gé ẹran tí a jẹ sí wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí ní àwọn ẹ́ńsáìmù tí í ṣe ọ̀bẹ rẹ̀: plasmepsin àti falcipain. Láàrin wákàtí 48, yóò ti jẹ ju ìdajì hemoglobin inú hóró náà lọ. Nígbà náà ni ọ̀bẹ mìíràn yóò gé ògiri hóró náà, àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n lè ju 16 lọ, yóò sì tú jáde. Òtútù àti ara gbígbóná dé nìyẹn. Kì í ṣe oòrùn, bí àwọn kan ṣì ti ń wí.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yìí a máa pa olówó rẹ̀ lára. Bí hemoglobin bá ti gé, ìpín rẹ̀ tí ó ní irin nínú a tú sílẹ̀, májèlé sì ni fún kòkòrò náà. Nítorí náà ni ó fi ń sọ ọ́ di hóró dúdú bí iyọ̀ tí ó dì. Chloroquine a máa dènà dídì yìí, títí kòkòrò fi mọ bí a ti ń ti oògùn náà síta. Ní 2005 ni ìjọba Nàìjíríà fi oògùn alápapọ̀ tí ó ní artemisinin rọ́pò rẹ̀. Tu Youyou ará Ṣáínà, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, ni ó ṣáájú àwọn tí ó rí artemisinin lára ewé. Irin tí ọ̀bẹ kòkòrò tú sílẹ̀ gan-an ni ó ń jí oògùn yìí láti pa á.

Artemisinin kì í pẹ́ lára. Wákàtí díẹ̀ ni. Èyí ni a fi so lumefantrine mọ́ ọn, tí a sì ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní ọjọ́ 3. Ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ ní ọjọ́ kejì, tí ó wá tọ́jú ìyókù sínú àpótí de ibà ọmọ rẹ̀, ó fi kòkòrò sílẹ̀ láàyè. Ní Kàm̀bódíà, àti láìpẹ́ yìí ní Rùwáńdà àti Ùgáńdà, a ti rí àwọn kòkòrò tí kì í jẹ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ní kékeré wọn: irin tí ń tú sílẹ̀ kéré, oògùn kò sì jí tó láti pa wọ́n.