Omi Inú Ọpọ́n àti Ẹ̀mí Ọmọdé

Bí a bá dárúkọ ewu omi, odò ńlá bí Ògùn àti Ọ̀ṣun ni ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n omi tí ó ń pa ọmọ kékeré kì í sábà jìnnà sí ilé. Ní ìlú Òyìnbó, adágún kékeré tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé fún eré ọmọdé ni àwọn òbí ń ṣọ́ra fún. Ní àdúgbò Ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, ọpọ́n ìwẹ̀, korobá, àgbá omi òjò àti kànga tí kò ní ìdérí ni ó dúró ní ipò adágún náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sínú omi ní ọdún 2021. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò tí ì pé ọmọ ọdún 5.

Kí ni ó fa èyí? Orí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn wúwo púpọ̀ bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ wo inú korobá tí ó sì ṣubú, kò ní agbára láti gbé ara rẹ̀ dìde. Omi tí kò mu àgbàlagbà dé kókósẹ̀ tó láti bo imú àti ẹnu rẹ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni pé kò ní lè ké. Nígbà tí iná jó Ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, gbogbo ìlú ni ó gbọ́, ìjọba sì tún ọjà náà kọ́. Omi kì í pariwo bí iná, ẹ̀mí tí ó bá sì gbé lọ kò ní àtúnkọ́.

Àwọn àgbà wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n níbi tí àgbà bá pọ̀ sí, olúkúlùkù lè rò pé ẹlòmíràn ni ó ń ṣọ́ ọmọ. Nítorí náà, bí ìyá bá fẹ́ lọ gba ọjà, kí ó dárúkọ ẹni tí ó fi ọmọ lé lọ́wọ́, kí onítọ̀hún sì dáhùn. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọ ọdún 1 sí 5, ní àkókò tí ọwọ́ òbí máa ń dí, ti dín irú ikú yìí kù gidigidi. Àwọn ìyálọ́jà lè ṣe irú rẹ̀ láàrin ara wọn.

Àwọn kan a máa wí pé bí ọjọ́ ọmọ bá pé, kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí ó gba àkúnlẹ̀yàn gbọ́ kì í fi ọ̀bẹ mímú sílẹ̀ lẹ́bàá ọmọ. Bí ìwẹ̀ bá ti parí, kí a da omi nù, kí a sì dojú ọpọ́n dé. Kí àgbá ní ìdérí tí ó le. Kí a mọ ògiri yí ẹnu kànga ká, kí a sì fi àgádágodo ti ìdérí rẹ̀.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe di ọmọ mú lẹ́sẹ̀ kọ́ sókè, kí a má sì da epo sí i lẹ́nu. Kí a gbé e tẹ́ sílẹ̀, kí a ké sí aládùúgbò. Bí kò bá mí, kí a fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu ní ìgbà 5, kí a sì máa tẹ àyà rẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti fi èyí kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, nítorí pé àwọn ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú àbúrò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.