Nígbà Tí Eegun Ọrùn Bá Lẹ̀ Pọ̀

Eegun méje ló to léra wọn ní ọrùn ènìyàn. Nínú àrùn Klippel-Feil, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn ti lẹ̀ pọ̀ láti inú oyún. Maurice Klippel àti André Feil, oníṣègùn ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912. A fojú bù ú pé ọmọ kan nínú nǹkan bí 40,000 ló ń bá a wáyé.

Ọrùn kúkurú, irun tó sọ̀ kalẹ̀ ní ìpàkọ́ àti ọrùn tí kò ṣe é yí dáadáa ni àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà pé sára ẹnì kan. Ẹlòmíràn a dàgbà kí àwòrán X-ray tó tú àṣírí rẹ̀.

Ọrùn nìkan kọ́ ni wàhálà. Ọ̀pá ẹ̀yìn lè wọ́, etí lè di, kíndìnrín tàbí ọkàn lè ní àbùkù. Aláìsàn á wá máa ti ọ̀dọ̀ dókítà kan bọ́ sí ti òmíràn, àárẹ̀ ìyẹn kò sì kéré sí ti ìrora. Àwọn oríkèé tó ṣì ń yí ló ń ṣe iṣẹ́ èyí tó ti lẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń tètè jẹ; ọwọ́ á máa kú tipiri. Ìṣubú lásán lè pa ọ̀pá ẹ̀yìn lára, ìdí nìyí tí dókítà fi ń ka ìjàkadì àti òkìtì títa léèwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà tó ń kunni lóorun, nítorí ọrùn tí kò tẹ̀ sẹ́yìn máa ń mú kí ó ṣòro láti fi rọ́bà èémí sí ọ̀nà ọ̀fun.