Ìṣirò Tí Ó Wà Lẹ́nu Wa

  Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí iye kíkà nílé, láàárín òbí àti ọmọ.

Ìyá kan wà tí ó ń ta ẹ̀pà. Ní ọjọ́ kan, ó fi ọjà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Abọ́ kan, àádọ́rùn-ún fráǹkì." Ọmọ náà ta abọ́ márùn-ún. Nígbà tí ìyá padà dé, 350 fráǹkì ni ó bá. Ó yẹ kí ó jẹ́ 450. Inú bí ìyá. Ó ní ọmọ ti jí ọgọ́rùn-ún fráǹkì, ó sì nà án.

Ọmọ kò jí owó. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní iye ní ilé-ìwé. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún. 70 fráǹkì ni ó ń gbà lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ta ni ó jẹ̀bi? Kì í ṣe ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ni ìṣirò. A máa ń wí pé, "Èmi kò lọ sí ilé-ìwé. Kí ni mo lè fi kọ́ ọmọ?" Ẹ̀yin ará mi, ìṣirò wà lẹ́nu yín. Ẹ jẹ́ kí a tú u wò.

Ogójì ni ogún méjì: 40.
Ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta: 60.
Ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin: 80.
Ọgọ́rùn-ún ni ogún márùn-ún: 100.

Nísinsìnyí, ẹ yọ mẹ́wàá mẹ́wàá kúrò.

Ọgọ́ta dín mẹ́wàá ni àádọ́ta: 50.
Ọgọ́rin dín mẹ́wàá ni àádọ́rin: 70.
Ọgọ́rùn-ún dín mẹ́wàá ni àádọ́rùn-ún: 90.

Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò ní ṣi àádọ́rin gbọ́ mọ́. Ẹ wá ní kí ó sọ 80 fún yín ní èdè Faransé. Yóò ní "quatre-vingts". Ẹ bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mẹ́rin ni "quatre", ogún sì ni "vingt". Ogún mẹ́rin ni Faransé náà ń wí! Ọmọ yóò rí i pé ohun tí olùkọ́ ń kọ́ ọ kò jìnnà sí ohun tí ìyá rẹ̀ mọ̀.

Níbo ni àwọn baba wa ti kọ́ irú ìṣirò yìí? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ láti inú owó ẹyọ kíkà. Àwọn tí ń kà á máa ń kó o ní márùn-ún márùn-ún. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Igba mẹ́wàá jẹ́ ẹgbàá, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ 20,000. Àpò kan ni ìyẹn, ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní ọ̀kẹ́ kan. Ní ọdún 1887, Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ti gbé ní ilẹ̀ Yorùbá, kọ àlàyé lórí ọ̀nà yìí kí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó lè kà á. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ́, ẹ̀yin ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ lọ́jà.

Báwo ni a ó ṣe bá ọmọ ṣe é nílé? Eré ni kí ó jẹ́.

Fún ọmọ kékeré, ẹ fi mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Akron gbọ́dọ̀ mọ mẹ́sàn-án, nítorí ìtàn Àbórí Mẹ́sàn-án, olórí mẹ́sàn-án, wà ní àdúgbò wa. Ẹ ṣa òkúta mẹ́sàn-án. Ẹ pín in sí ọwọ́ méjèèjì. Ẹ ṣí ọwọ́ kan, ẹ pa èkejì dé. Bí mẹ́rin bá wà níhìn-ín, mélòó ni ó wà lọ́hùn-ún? Kí ọmọ dáhùn kí ẹ tó ṣí i.

Fún ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀, ẹ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀, mẹ́fà lọ́dọ̀ yín, mẹ́fà lọ́dọ̀ ọmọ. Ẹ fi ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin sínú wọn. Mélòó ni gbogbo rẹ̀? Méjìdínláàádọ́ta ni, 48. Ẹ ní kí ọmọ tú u: ọgọ́ta, yọ mẹ́wàá, yọ méjì.

Kí ó tó ta ayò, ẹ bi í pé: "Bí méje bá wà nínú ihò àkọ́kọ́ rẹ, níbo ni èyí tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí?" Kí ó má fi ọwọ́ kàn án. Kí ó fi ojú àti ọkàn kà á. Ihò kejì lọ́dọ̀ yín ni yóò bọ́ sí. Bí ó bá ṣì í, ẹ má bú u. Ẹ jẹ́ kí ó ta á, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ìyá ẹlẹ́pà náà bẹ ọmọ rẹ̀. Nísinsìnyí, kí ó tó kúrò nídìí ọjà, yóò ní, "Ọmọ mi, tú àádọ́rùn-ún fún mi." Ọmọ á ní, "Ọgọ́rùn-ún dín mẹ́wàá, ìyá." Lẹ́yìn náà ni yóò lọ. Owó kò dín mọ́, ẹkún náà sì ti tán.

Iṣẹ́ ilé yín rèé. Lálẹ́ òní, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín tú mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín ní nọ́ńbà. Kí ọmọ sọ ọ́ ní Faransé, kí ẹ̀yin sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ wò ó bóyá ibì kan náà ni ẹ jọ dé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.