Ìgbàgbọ́ àti Májẹ̀mú: Ẹ̀kọ́ Lára Ábúráhámù

  Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní Ábúráhámù àti ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní Ànábì Ìbúráhímù, ọ̀rọ̀ baba kan náà ni mo gbé wá.

Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìwé àdéhùn púpọ̀ gba ọwọ́ mi kọjá. N kò rí ọ̀kan tí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí. Ìdí nìyí tí orí 15 ìwé Jẹ́nẹ́sísì fi máa ń yà mí lẹ́nu.

Ọlọ́run ṣèlérí irú-ọmọ fún Ábúrámù, orúkọ rẹ̀ nígbà náà nìyẹn. Ó gbà á gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilẹ̀, ó béèrè ohun tí òun yóò fi mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run kò bá a wí. Ó ní kí ó mú màlúù, ewúrẹ́ àti àgbò wá. Ábúrámù là wọ́n sí méjì, ó tò wọ́n kí wọ́n dojú kọ ara wọn.

Ìwé Jeremáyà, orí 34, fi ìtumọ̀ àṣà yìí hàn: ẹni tí ó bá gba àárín ẹran náà kọjá ń sọ pé bí òun bá yẹ àdéhùn, kí ó rí fún òun bí ó ti rí fún ẹran náà. Àwa náà mọ ìmùlẹ̀. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ti ń wọ̀, oorun ìjìkà gbé Ábúrámù lọ. Iná àti èéfín, àmì Ọlọ́run, nìkan ló kọjá. Ẹni tó ṣèlérí ló fi ara rẹ̀ dúró.

Ẹni ọdún 75 ni nígbà tó kúrò ní Háránì. Ó pé 100 kí a tó bí Ísáákì. Ní ọdún 86, Hágárì bí Íṣímáẹ́lì fún un, Ọlọ́run sì bùkún ọmọ náà pẹ̀lú. Ní ọdún 99 ni ó kọlà, àmì májẹ̀mú lára tirẹ̀. Ti ilẹ̀ wá ńkọ́? Nígbà tí Sárà kú, kò ní ibi tí yóò sin ín sí. Ṣékélì fàdákà 400 ló san fún Éfúrónì ará Hítì kí ó tó ní ihò Makipẹ́là.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ó pẹ́ kí owó ìfẹ̀yìntì mi tó jáde. Ìyàwó mi ń gbàdúrà. Èmi ń ráhùn, mo sì rò pé ìgbàgbọ́ mi ti tán. Orí yìí ló kọ́ mi pé ẹni tó béèrè ṣì gbàgbọ́, bí kò bá ti kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ìlérí bá pẹ́, ẹ béèrè, ẹ má pa dà sẹ́yìn. Àwa tí a sì jẹ́ òbí, ẹ jẹ́ kí a máa mú ìlérí tí a bá ṣe fún wọn ṣẹ.